Ìrètí Òjò Dídì àti Ìjákulẹ̀ láàrin Àwọn Olùṣọ́ Ojú Ọjọ́ ní Ìlú Ọba

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ọ̀ràn kan tí ó lè dà bí eré ọmọdé lójú ẹni tí a bí sí ilẹ̀ olóoru. Ní Ìlú Ọba, a rí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin àti obìnrin tí ó jẹ́ pé láti oṣù Kọkànlá ọdún kan títí di oṣù Kẹta ọdún kejì, ohun tí wọ́n ń fi àsìkò ìsinmi wọn ṣe ni kí wọ́n máa yẹ àwòrán ojú ọjọ́ wò, kí wọ́n máa wo òkè, kí wọ́n sì máa retí òjò dídì. Lọ́pọ̀ ọdún ni ìrètí wọn máa ń já sí òfo. Síbẹ̀, bí oṣù Kọkànlá bá tún dé, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí a ó gbìyànjú láti dáhùn ni èyí: ta ni ó jẹ̀bi ìjákulẹ̀ náà? Ṣé ojú ọjọ́ ni, ṣé àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ni, àbí àwọn tí ń retí fúnra wọn? Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé onírọ́ ni àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. A kò fara mọ́ èrò yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ. Yorùbá ní yìnyín, nítorí pé yìnyín a máa bọ́ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọdé a sì máa sáré ṣà á jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bọ́ ní ilẹ̀ òtútù kì í ṣe yìnyín. Yìnyín le, ó sì ń dún lórí páànù. Èkejì fẹ́lẹ́ bí òwú, kì í sì í dún rárá. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa rí ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì pe èkejì ní òjò dídì. Lóde òní, a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe méjèèjì ní yìnyín láìbìkítà. Òjò dídì ni a ó máa lò níhìn-ín, nítorí pé orúkọ náà sọ òótọ́ ọ̀ràn: òjò ni, ó sì dì. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà tí a fẹ́ sọ wà.

2. Ìdí tí òjò dídì fi ṣọ̀wọ́n

Bí a bá wo àwòrán ayé, a ó rí i pé Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tílándì, àti Mọ́skò, olú-ìlú Rọ́ṣíà, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ní ìwọ̀n 56 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Síbẹ̀, òjò dídì a máa wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Mọ́skò, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Edinburgh, kì í sábà pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó yọ́. Òkun ni ó fà á. Omi yí Ìlú Ọba ká, afẹ́fẹ́ tí ó sì wọ́pọ̀ jùlọ níbẹ̀ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, tí omi rẹ̀ kì í tutù tó ilẹ̀ ní ìgbà òtútù. Kí òjò dídì gidi tó lè rọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sábà máa ń gbà pé kí afẹ́fẹ́ yí padà, kí ó máa ti àríwá tàbí ìlà-oòrùn wá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ti inú ilẹ̀ Yúróòpù wá a máa gbẹ. Kí ó tó rí omi tí yóò sọ di òjò, ó gbọ́dọ̀ kọjá lórí Òkun Àríwá, òkun náà a sì máa mú un móoru díẹ̀. Ohun tí ó ń fún un ní omi náà ni ó ń gba òtútù lọ́wọ́ rẹ̀.

Met Office, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Ìlú Ọba, ṣàlàyé pé òjò dídì tí ó wúwo jùlọ níbẹ̀ máa ń rọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà láàrin 0 àti 2 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní àárín Kánádà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè wà ní dígíríì 10 nísàlẹ̀ òdo, bí àsọtẹ́lẹ̀ bá fi dígíríì kan ṣìnà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Òjò dídì ni yóò ṣáà rọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àṣìṣe dígíríì kan ni ìyàtọ̀ láàrin ilẹ̀ funfun àti ẹrẹ̀. Omi tí ó jìn tó mìlímítà 10 lè di òjò dídì tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì lè ṣàn lọ sínú gọ́tà láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀ràn náà tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò dídì ti ń yọ́ lójú ọ̀nà, ó ń gba ooru lára afẹ́fẹ́; nítorí náà, bí òjò bá wúwo tó, ó lè mú afẹ́fẹ́ tutù títí tí òjò lásán yóò fi di òjò dídì. Èyí wà lára ohun tí ó ń mú kí ìlú méjì tí kò jìnnà síra rí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní alẹ́ kan náà.

3. Orísun ìrètí

Bí òjò dídì bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, níbo ni ìrètí ti wá? Apá kan rẹ̀ jẹ́ ìrántí. Ìgbà òtútù ọdún 1962 sí 1963 ni ó tutù jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1740. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962, kò sì kúrò nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ti ọdún 1947 tún wà, èyí tí àwọn àgbà mìíràn kà sí ọ̀gá. Ojú tí ó ti rí òkun kò lè rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ẹni tí ó ti rí ọdún wọ̀nyẹn, tàbí tí ó gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu bàbá rẹ̀, kò lè ka sẹ̀ǹtímítà méjì sí nǹkan kan.

Apá kejì jẹ́ ti àṣà. Charles Dickens, tí a bí ní 1812, dàgbà ní sáà kan tí òtútù pọ̀ gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó kọ ìtàn Kérésìmesì tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní 1843, òtútù inú ìtàn náà di ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé ó yẹ kí Kérésìmesì ní. Àwòrán orí káàdì ṣe ìyókù. Ó yà wá lẹ́nu pé ìgbà èwe ènìyàn kan lè di ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń fi wọn ojú ọjọ́ rẹ̀ fún ọgọ́sàn-án ọdún.

Nítorí pé àwọn ènìyàn ń ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó di dandan kí wọ́n fún Kérésìmesì funfun ní ìtumọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Met Office ti là á sílẹ̀, bí a bá rí ẹyọ òjò dídì kan ṣoṣo tí ó bọ́ láàrin wákàtí 24 ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ó ti parí. Ẹyọ kan! Ní 2010, òjò dídì wà nílẹ̀ ní ìdá 83 nínú 100 àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ní 2023, ìdá 11 nínú 100 àwọn ibùdó náà rí òjò dídì tí ó ń bọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tí ó jábọ̀ pé ó wà nílẹ̀. Nínú ìwé, Kérésìmesì funfun ni méjèèjì. Lójú ẹni tí ó jókòó ti fèrèsé láti àárọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni.

4. Àsọtẹ́lẹ̀ àti bí wọ́n ti ń kà á

Láti ìgbà tí Edward Lorenz ti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1963 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé àṣìṣe kékeré nínú ohun tí a mọ̀ nípa ojú ọjọ́ òní lè di àṣìṣe ńlá nínú àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Nítorí èyí, iléeṣẹ́ àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 sí ìlú Reading, kò gbẹ́kẹ̀ lé àsọtẹ́lẹ̀ ẹyọ kan mọ́ láti 1992. Wọn a mú ojú ọjọ́ òní, wọn a yí i padà díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà bí 50, kọ̀ǹpútà a sì ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí 40 nínú wọn bá fi òjò lásán hàn, tí 10 sì fi òjò dídì hàn, ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, wọn kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣeéṣe ni wọ́n sọ. Wọn kò ṣe ìlérí.

Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Olùṣọ́ ojú ọjọ́ kì í ṣe òpè. Ó mọ gbogbo ohun tí a sọ yìí, ó tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n bí àwòrán 50 bá wà níwájú rẹ̀, èyí tí ó tutù jùlọ ni ojú rẹ̀ ń lọ bá. Ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ìjọba ń ṣe ìṣirò tuntun lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, gbogbo ayé ni ó sì lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ti àárọ̀ bá fi òjò dídì hàn, tí ti ọ̀sán mú un kúrò, ìbànújẹ́ a dé. Bí ti alẹ́ bá dá a padà, ayọ̀ a tún dé. Ẹnìkan lè ti jìyà ìjákulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ọjọ́ tí ó ń retí tó pé. Àwọn kan máa ń fi oníṣẹ́ ojú ọjọ́ wé babaláwo. Àfiwé náà kò wọ̀ wá lára: babaláwo a máa yan ẹbọ, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ojú ọjọ́ kò ní ẹbọ kankan tí yóò yàn fún ẹni tí kò fẹ́ èsì rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jùlọ ni ti 2018 àti 2019. Ní ìgbà òtútù, ìjì ńlá kan tí ó tutù a máa yí òkè Àríwá ayé po, ní òfuurufú tí ó ga tó kìlómítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún kan, ibẹ̀ a gbóná lójijì, ó lè fi nǹkan bí dígíríì 50 gbóná sí i láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjì náà a sì dàrú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí lè mú kí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn wọ Ìlú Ọba. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, òtútù líle àti òjò dídì sì bo ilẹ̀ náà ní ìparí oṣù yẹn títí wọ oṣù Kẹta. Nígbà tí irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, kò sí olùṣọ́ ojú ọjọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn pàápàá ń tọ́ka sí òtútù. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ. Òjò dídì rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìparí oṣù náà, ó sì tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ooru dé dígíríì 21.2 ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ooru kọ́kọ́ kọjá 20 nínú ìgbà òtútù ní Ìlú Ọba láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2018 ṣì wà lójú gbogbo ènìyàn, ìyẹn ni wọ́n sì fi ka ti ọdún 2019.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé, ṣé àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ kò ní ẹ̀bi rárá ni? Wọ́n ní, nígbà mìíràn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n kéde pé òjò dídì tí yóò rọ̀ ní New York yóò ju ínǹṣì 20 lọ. Ìjọba ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pa nítorí òjò dídì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1904 tí wọ́n ti ṣí i. Ìjì náà yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, 9.8 ínǹṣì ni wọ́n wọ̀n ní Central Park, nígbà tí Boston rí ohun tí ó lé ní 24. Gary Szatkowski, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ní New Jersey, tọrọ àforíjì ní gbangba. Lójú tiwa, ẹ̀bi wọn kì í ṣe pé wọ́n ṣìnà, bí kò ṣe pé nọ́ńbà ńlá ni wọ́n fi síwájú, tí wọ́n sì fi iyèméjì wọn pamọ́ sẹ́yìn.

5. Ohun tí ìrètí bí

Yóò jẹ́ àìtọ́ bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí ẹni pé òfo ni gbogbo rẹ̀. Gordon Manley, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó kú ní 1980, fẹ́ràn òjò dídì débi pé ó gbé ahéré kan kalẹ̀ sórí Great Dun Fell, òkè kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè máa wọn ojú ọjọ́ níbẹ̀ nínú òtútù. Òun kan náà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa àkọsílẹ̀ àwọn aládàáni jọ, àlùfáà, oníṣègùn, onílẹ̀, tí ó sì fi wọ́n hun ìtàn ooru àti òtútù àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1659. Kò sí àkọsílẹ̀ irú rẹ̀ tí ó gùn tó o ní gbogbo ayé. Bí a bá ń sọ lónìí pé ìgbà òtútù ilẹ̀ náà ń móoru sí i, iṣẹ́ àwọn olùretí òjò dídì wà lára ohun tí a fi mọ̀ ọ́n.

Lórí òkè Braeriach ní Skọ́tílándì, ìwọ̀nba òjò dídì kan wà tí wọ́n ń pè ní Sphinx, tí ó máa ń wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àwọn aládàáni ni ó ń gun òkè lọ wò ó kí òjò dídì tuntun tó dé. Láàrin 1933 àti 2006, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọ́ tán. Ó yọ́ tán ní 2017, ní 2018, ní 2021, ní 2022, àti ní 2023.