Kí Ló Máa Kọ́kọ́ Tán Nílé Yín? Ìṣirò Oúnjẹ Nígbà Kónílé-ó-gbélé

Nọ́ńbà kì í rọrùn láti fi etí nìkan gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìṣirò orí ètò wa sílẹ̀ síbí. Ẹ mú bírò, ẹ mú ìwé.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè. Ohun tí wọ́n ń pè ní lockdown lédè Gẹ̀ẹ́sì, kónílé-ó-gbélé la ń pè é. Ẹ tú u palẹ̀: kí, onílé, ó, gbé, ilé. Kí ẹni tó nílé jókòó sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí Kòrónà tó dé. Tí rògbòdìyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nílùú, ìjọba á kéde kónílé-ó-gbélé. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ. Onílé gbélé, ó dáa. Kí ni yóò jẹ?

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba Britain nígbà náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí gbogbo èèyàn gbélé. Ríra ohun kòṣeémàní wà lára ìwọ̀nba nǹkan téèyàn lè torí ẹ̀ jáde, ó sì ní kéèyàn má ṣe é lemọ́lemọ́. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù yẹn, ọ̀rọ̀ kan Èkó àti Àbújá náà.

Àwa márùn-ún la wà nílé wa ní gúúsù London: Mọ́mì, ìyàwó mi, ọmọ wa, àbúrò mi obìnrin, àti èmi. Àbúrò mi ní sickle cell. Lẹ́tà dé sí i láti ọ̀dọ̀ NHS pé kó má jáde rárá fún ọ̀sẹ̀ 12, torí pé ó wà lára àwọn tí Kòrónà lè ṣe léṣe gan-an. Mọ́mì ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí: ìgbàkígbà tí ẹnì kan nínú wa bá wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ó lè gbé àrùn bọ̀ wá bá a nílé. Ìbéèrè wa wá di èyí: ìgbà mélòó péré la lè lọ sọ́jà, tí ebi ò sì ní pa ẹnikẹ́ni?

Ta ló kó gbogbo ẹ̀ lọ?

Ẹ rántí bí pẹpẹ ṣe rí lóṣù kẹta yẹn. Kò sí tíṣù, kò sí pasta, kò sí ìrẹsì, kò sí fúláwà. Gbogbo èèyàn ń bínú sí àwọn olójúkòkòrò tó ń kó ọjà pamọ́. Wọ́n wà o, n ò ní purọ́. Àmọ́ iléeṣẹ́ Kantar, tó máa ń ṣèwádìí nípa bí àwọn ará Britain ṣe ń rajà, rí i pé wọn ò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ni pé wọ́n fi nǹkan díẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lọ sọ́jà ju bí wọ́n ṣe máa ń lọ lọ.

Ṣé nǹkan díẹ̀ lè sọ pẹpẹ di òfìfo? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilé 1,000 ló ń rajà ní ṣọ́ọ̀bù kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń ra ọ̀rá ìrẹsì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọ̀rá 500 ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tà lọ́sẹ̀. Ọlọ́jà á kó bíi 600 sílẹ̀, kò ní kó 2,000, torí pé ọjà tó jókòó sórí pẹpẹ láìtà, owó tó sùn ni. Lọ́sẹ̀ kan, ìròyìn burúkú dé, ilé kọ̀ọ̀kan wá ra ọ̀rá kan ṣoṣo lé ti tẹ́lẹ̀. 500 ti di 1,500. Ọ̀rá 600 yẹn á ti tán kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó hùwà ọ̀kánjúwà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fúláwà tiẹ̀ yani lẹ́nu jù. Fúláwà ò tán ní Britain. Nínú gbogbo fúláwà tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 4 péré nínú 100 ló ń dé ṣọ́ọ̀bù nínú àpò kékeré tí àwa èèyàn ń rà. Ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ, nínú ọkọ̀ ńlá tàbí àpò ńlá. Nígbà tí gbogbo ilé wá pinnu lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn fẹ́ máa yan búrẹ́dì fúnra wọn, àwọn ẹ̀rọ tó ń di fúláwà sínú àpò kékeré ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò sì tó. Fúláwà wà ńlẹ̀. Àpò kékeré ló wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú èyí: bullwhip effect. Ẹ fojú inú wo kòbókò lọ́wọ́ darandaran. Ọwọ́ rẹ̀ á mì díẹ̀, àmọ́ ṣóńṣó kòbókò á fò lọ réré. Oníbàárà ni ọwọ́ yẹn. Ọlọ́jà rí i pé ìrẹsì tán, ó béèrè ju bó ṣe nílò lọ kó má bàa tún tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń kó ọjà fún un náà rí i, ó tún fi tiẹ̀ lé e. Tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́, ó ti di ìlọ́po mélòó kan. Jay Forrester ti MIT ṣàlàyé bí irú ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Industrial Dynamics lọ́dún 1961. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ Procter & Gamble rí i lórí Pampers wọn: àwọn ọmọ ò ṣàdédé máa tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ iye tí àwọn oníṣòwò ń béèrè ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀ bíi jangirọ́fà.

Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe àpò

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. A kọ ohun tá a jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀. Ohun tá a jẹ ni mo wí o, kì í ṣe ohun tó wù wá láti jẹ. Lẹ́yìn náà a sọ gbogbo ẹ̀ di ọjọ́.

Bí àpẹẹrẹ, àwa márùn-ún máa ń lo bíi gíráàmù 600 gààrí tá a bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà. Kílò 6 gààrí, ẹ̀bà ìgbà 10 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin là ń jẹ ẹ̀bà lọ́sẹ̀, torí náà gààrí yẹn á gbé wa dé bí ọjọ́ 17. Ìrẹsì: gíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan, àpò kílò 10 á sè nígbà 25. Tẹ́nì kan bá béèrè bóyá gààrí ṣì wà, tẹ́ ẹ wá ní "ó ṣì wà", ẹ ò tíì dáhùn. "Ó ku ti ọjọ́ 17", ìdáhùn nìyẹn.

Ìgbà wo ló wá yẹ kẹ́ ẹ tún rà á? Ọgbọ́n tí àwọn tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ń lò ò le rárá. Ẹ mú iye tẹ́ ẹ̀ ń jẹ lójúmọ́. Ẹ fi iye ọjọ́ tó máa kọjá kẹ́ ẹ tó padà sọ́jà sọ ọ́ di púpọ̀. Kẹ́ ẹ wá fi ti ọjọ́ ìdágìrì lé e. Tí ohun tó wà nílé bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé iye yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjà, ẹ má dúró dìgbà tí agolo máa dá wáí.

Ọjọ́ 14 la pinnu pé ká máa fi sáàárín ìrìn ọjà kan sí òmíràn. Ọjọ́ ìdágìrì ńkọ́? Ìlànà ìjọba ló bá wa yan ìyẹn. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹta, tí ẹnì kan nínú ilé bá ń wúkọ́ lemọ́lemọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, gbogbo ará ilé yẹn ní láti gbélé fún ọjọ́ 14. Tí ikọ́ bá lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ sọ́jà gan-an ńkọ́? Ọjọ́ 14 ìdágìrì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a ò rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ padà sọ́dọ̀ ilé 1,000 wa. Tí gbogbo wọn bá lọ ra oúnjẹ ọjọ́ 14 lé ti ọ̀sẹ̀ kan, ìlọ́po mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù yẹn gbọ́dọ̀ tà, pẹpẹ á sì gbófo. Tí wọ́n bá tàn án ká ọ̀sẹ̀ 7, oúnjẹ ọjọ́ 9 ni wọ́n ń rà lọ́sẹ̀ dípò ọjọ́ 7. Ọlọ́jà lè gbé ìyẹn. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi ti ọjọ́ mẹ́rin kún un nígbàkigbà tí mo bá lọ. Nígbà yẹn, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì míì ò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn mú ju mẹ́ta lọ nínú ohun kan ṣoṣo.

Ohun tó ń léni lọ sọ́jà

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìrẹsì wa á sè nígbà 25, àmọ́ ata tó wà nílé ò lè se ọbẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Ṣé ìgbà 25 la ní? Mọ́mì ló dá mi lóhùn: "Ṣé ìrẹsì funfun lo fẹ́ ká máa wò níran ni?"

Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, sọ irú nǹkan yìí nípa irúgbìn ní ọ̀rúndún 19: kì í ṣe àròpọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló ń pinnu bí irúgbìn ṣe máa dàgbà tó, ohun tó wọ́n jù níbẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fi àgbá onípákó ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí pákó tó kù bá ga tó ilé, ibi tí pákó kan ti kúrú ni omi ń gbà dà nù.

A wo ìwé wa, a wá pákó tó kúrú. Ata, ẹ̀fọ́, mílíìkì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí àpò ńlá kankan níbẹ̀! Ìrẹsì tí gbogbo ayé ń jà lé lórí ò tiẹ̀ sí lára ohun tó máa lé wa jáde nílé. Torí náà owó tá a fẹ́ fi ra àpò ìrẹsì kejì, ara àwọn nǹkan márùn-ún yìí la ná an sí.

Ata kọ́kọ́. A lọ tatàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà, a sè é títí omi ẹ̀ fi gbẹ, a bù ú sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú firísà. Omi tó gbẹ yẹn ṣe pàtàkì, torí pé àyè firísà náà ní òṣùwọ̀n tiẹ̀, kò sì yẹ ká máa fi tọ́jú omi lásán. Èyí tó wà pẹrẹsẹ máa ń yára dì, ó sì ṣeé tò léra bí ìwé. Ní -18°C, àwọn kòkòrò àìfojúrí ò lè pọ̀ sí i, àmọ́ ẹ má rò pé wọ́n ti kú tán o. Tó bá ti yọ́, àwọn tó kù á jí.

Ẹ̀fọ́: bí àwọn ìyá wa ṣe ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fún un, náà nìyẹn. Nínú ewé, àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní enzyme, wọ́n ṣì máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú firísà, wọ́n á sì ba àwọ̀ àti adùn ẹ̀ jẹ́. Omi gbígbóná ló ń dá wọn dúró. Mílíìkì, a ra èyí tí kò nílò fíríìjì títí dìgbà tá a bá ṣí i. Búrẹ́dì, a gé e ká tó gbé e sí firísà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, a bó o, a gé e, ó di dòdò ọjọ́ iwájú.

Iṣu ní tiẹ̀ kì í fẹ́ fíríìjì. Tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ bíi 12°C, inú iṣu á bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Ẹ fi síbi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹyin kòkòrò lè ti wà nínú ẹ̀ láti oko. Ẹ fi í sínú firísà fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá dà á sínú ike tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Irú ọgbọ́n yìí ló wà lẹ́yìn àpò PICS tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ṣe, èyí tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà láti tọ́jú ẹ̀wà láìfi oògùn sí i: ọ̀rá méjì nínú àpò kan, a dì í pinpin, kòkòrò ò rí atẹ́gùn mí.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí WhatsApp, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn láti Agége. "Àbúrò mi, iná wo lo fẹ́ kí n fi dì í?" Wọ́n ní ohun tiwọn: gààrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, orúnlá, ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí. Sáyẹ́ǹsì kan náà ni o. Kòkòrò àìfojúrí ò lè ṣe nǹkan kan láìsí omi. Firísà ń sọ omi di yìnyín kọ́wọ́ wọn má bàa tó o, oòrùn àti iná ìdáná ń gbé omi náà lọ. Tẹ́ ẹ bá bi mí, orúnlá sàn ju firísà lọ lọ́jọ́ tí iná bá lọ.

Àmọ́ Àǹtí mi tún sọ nǹkan kan tí kò jẹ́ kí n fi ìṣirò mi yangàn. Birikìlà kan wà ládùúgbò wọn, owó ojúmọ́ ló ń gbà, dẹ́ríkà gààrí kan ló ń rà lálaalẹ́. Tá a bá ka tiẹ̀, ọjọ́ kan ni, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ kan ṣáá. Kò sí bó ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé tó máa di 14. Ohun tó nílò ni owó, tàbí oúnjẹ gan-an. Irú ẹ̀ wà ní London náà, ní àdúgbò wa pàápàá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn la pinnu pé oúnjẹ ọjọ́ méjì lára ọjọ́ ìdágìrì wa á máa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń gbé lókè wa, tá a bá ti kó o jọ tán.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n dá ìlànà tó dé àbúrò mi mọ́lé dúró ní England. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta títí di ọjọ́ náà, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo lọ sọ́jà. Ata ò tán. Mílíìkì tán lẹ́ẹ̀kan, a fi omi mu tíì. Ẹ̀yin náà, ẹ ka tiyín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa: nínú ilé yín, kí ló máa ń kọ́kọ́ tán?