Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń pa ojú kọ̀ǹpútà géèmù?

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn láàárín géèmù ní Ìsọlọ̀ tàbí Mafolúkù l'Ékòó, iná ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú. Wọn ò jẹ̀bi pátápátá: fólítì 230 ló yẹ kó wọlé, bó bá sì já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ lè kú.

Ṣùgbọ́n etí ni kí onígéèmù kọ́kọ́ lò. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú tí ohùn ṣì ń lọ, káàdì àwòrán (GPU) tàbí dráífà rẹ̀ ló yẹ kó fura sí. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ni Windows sábà máa ń fún káàdì náà kó fi dáhùn. Kó tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Àwòrán lè padà.

Bó bá ṣe pé ẹ̀rọ náà kú, tó tún ara rẹ̀ tan, Event Viewer inú Windows á kọ "Kernel-Power 41". Ìyẹn ò sọ ohun tó pa á o, ó kàn ń jẹ́rìí pé ó kú láìdágbére ni! Eruku Òṣòdì inú fáànù ńkọ́? Kó gbọn ọ́n. Páwà sọ́pùláì tí kò lágbára tó náà lè wà nídìí rẹ̀. Kó tó náwó sórí káàdì tuntun lọ́jà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà, kó yá èyí tó lágbára dán an wò.