Ẹ Ka Búlọ́ọ̀kù Kí Ẹ Tó Dárúkọ Owó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní kíláàsì wa bi tíṣà ìṣirò léèrè pé kí ni èèyàn ń fi gígùn, ìbú àti gíga ṣe tó bá ti jáde níléèwé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ìdáhùn rẹ̀, torí ó ti ná wa lówó nílé.

Bríkìlà ni bàbá mi. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, ẹnì kan gbé iṣẹ́ fẹ́ǹsì fún wọn níhìn-ín ní Ìbàdàn: mítà 20 ní gígùn, mítà 2 ní gíga. Àdéhùn wọn ni pé bàbá mi ni yóò ra gbogbo nǹkan, onítọ̀hún á sì san owó kan ṣoṣo. Òpó àti pílásítà ò sí níbẹ̀. Onítọ̀hún ní fáǹdéṣọ̀n àtijọ́ ti wà nílẹ̀. Bàbá mi fojú wo ibẹ̀, wọ́n ní búlọ́ọ̀kù 400 àti àpò sìmẹ́ǹtì 10 á tó o, wọ́n sì dárúkọ owó lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ ni wọ́n rí i pé amọ̀ lásán ni fáǹdéṣọ̀n ọ̀hún. Onítọ̀hún ò gbọ́ àlàyé kankan. Owó WAEC mi tí màmá mi ti ń tọ́jú ni wọ́n fi parí fẹ́ǹsì ẹlòmíràn. Màmá mi ní láti lọ bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ kí wọ́n tó rí owó mi san.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti bàbá mi jókòó, a ṣe ìṣirò iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kó rí. Ọ̀nà rẹ̀ rèé.

Èkíní, ẹ dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú téèpù. Ẹ wọn gígùn, ẹ wọn gíga, kí ẹ sì gbẹ́ ihò kékeré láti mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Èkejì, ẹ ka búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 gùn ní mílímítà 450, ó sì ga ní 225. Nítorí náà, ògiri tó gùn ní mítà 1 tó sì ga ní mítà 1 ń gba nǹkan bíi 10. Ẹ fi 20 lọ́nà 2, ó di 40. Ẹ fi 10 lọ́nà 40, ó di 400. Títí débí, bàbá mi ò ṣìṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Ìlà búlọ́ọ̀kù 3 nínú ilẹ̀ ga ní 0.675 mítà. Ẹ fi 20 lọ́nà ìyẹn, ó di 13.5, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 135. Àpapọ̀ ti di 535. Búlọ́ọ̀kù á sì fọ́ lójú ọ̀nà, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Ẹ fi 5 kún orí 100 kọ̀ọ̀kan, ó di 562.

Ẹ̀kẹrin ni sìmẹ́ǹtì. Bàbá mi máa ń fi àpò kan to nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 50, nítorí náà 562 á gba àpò 12. Kọnkéré ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Mítà 20 ní gígùn, 0.6 ní ìbú, 0.15 ní jíjìn: ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po, ó jẹ́ 1.8. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń gba àpò 6 sí 7, ìyẹn bíi 12 lápapọ̀. Àpò 24 rèé, ẹni tó ní 10 lọ́kàn!

Ìkarùn-ún, owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn báyìí. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí iye oṣù tó kọjá ti di ìtàn. Ẹ má gbàgbé yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, omi, owó ọkọ̀, owó àwọn lébìrà àti èrè tiyín. Kí ẹ wá fi nǹkan bíi 10 kún orí 100 kọ̀ọ̀kan fún ohun tí ojú ò rí.

Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò yìí dójú àmì là ń pè ní quantity surveyor. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò láàárín wa, kó rò ó wò.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ fẹ́ǹsì mìíràn dé. Èmi ni mo kọ ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé. Oníṣẹ́ ní owó wa ti pọ̀ jù, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Inú mi bà jẹ́, mo rò pé mo ti lé oúnjẹ lọ nílé. Bàbá mi wo ìwé náà títí, wọ́n ká a, wọ́n fi í sápò. Wọ́n ní, "Má dààmú. Iṣẹ́ tá ò gbà ò lè jẹ wá lówó."