Niamey: Ta ló ń gbé olórí ìjọ ró níbi tí Kìrìsìtẹ́nì ò ti pọ̀?

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀èdè Niger. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, Kìrìsìtẹ́nì kò tó márùn-ún. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Niamey tó jẹ́ olú ìlú, àwọn tó wá láti Nàìjíríà, Benin àti Togo sì wà lára àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀.

Irú ibẹ̀ yẹn, níbo ni olórí ìjọ ti ń rí ìrètí nígbà tí nǹkan bá le?

Ìdánwò tó dé ní 2015

Oṣù Kẹwàá, ọdún 2014 ni Póòpù Francis yan Laurent Lompo gẹ́gẹ́ bíi Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Àgùdà ní Niamey. Òun ni ọmọ Niger àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 16 àti 17, oṣù Kínní, ọdún 2015, àwọn èèyàn fẹ̀hónú hàn ní Zinder àti Niamey lórí àwòrán Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn Charlie Hebdo gbé jáde ní Faransé. Ó di rògbòdìyàn. Èèyàn mẹ́wàá ló kú. Ọlọ́pàá ní ṣọ́ọ̀ṣì 45 ni wọ́n dáná sun ní Niamey nìkan.

Ta ló ṣílẹ̀kùn?

Ìjọ Àgùdà dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Àwọn olórí ìjọ rọ àwọn ọmọ ìjọ láti dárí jì, kí wọ́n má sì gbẹ̀san.

Àmọ́ kì í ṣe ìwàásù nìkan ló gbé wọn ró. Àwọn Mùsùlùmí kan gba Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ aládùúgbò wọn sílé, wọ́n fi wọ́n pamọ́. Àwọn aáfà náà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ sinmi agbaja.

Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá ń jó. CADEV, àjọ aláàánú ìjọ Àgùdà ní Niger, máa ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí ìyàn bá mú, láì bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí olórí bá dá wà

Lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, àwọn agbébọn jí àlùfáà ọmọ Ítálì, Pierluigi Maccalli, gbé ní Bomoanga, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 125 sí Niamey. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Mali, lóṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Ó ṣàlàyé pé aṣọ ni òun fi ṣe rósárì tí òun fi ń gbàdúrà ní aginjù.

Àdúrà wà fún ìgbà tí èèyàn bá dá wà. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun tí Niamey fi hàn ni pé olórí tó bá fẹ́ ní alábàárò lọ́jọ́ ìṣòro gbọ́dọ̀ ti mọ ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀, yálà ẹ̀sìn wọn papọ̀ tàbí kò papọ̀.