Kí Ẹ Tó Gun Chopper, Ẹ Wọn Ọrùn Rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba chopper mi lórí ètò yìí ni ìbéèrè ti ń wọlé. Ṣé ó rọrùn láti gùn? Èló ni wọ́n ń tà á? Ṣé ọrùn gígùn yẹn kì í pa èèyàn? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni màá dáhùn lónìí, torí pé ó kù díẹ̀ kó pa èmi fúnra mi.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Chopper kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí a gé nǹkan ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti ojú ogun dé bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò pọn dandan kúrò lára alùpùpù ńlá wọn, kó lè fúyẹ́, kó sì lè sáré. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 1960 sí 1970, pàápàá ní California, gígé náà ti dé ara férémù. Wọ́n ń gé ọrùn rẹ̀, wọ́n ń jó o padà kó lè dagẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi fọ́ọ̀kì gígùn síwájú.

Fíìmù Easy Rider tó jáde ní 1969 ló gbé e káyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé aláwọ̀ dúdú méjì ní Los Angeles, Cliff Vaughs àti Ben Hardy, wà lára àwọn tó ṣe àwọn chopper inú fíìmù yẹn. Harley-Davidson tí àwọn ọlọ́pàá ti lò rí, tí wọ́n tà ní gbàǹjo, ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ wọn kò sí lára orúkọ tó jáde lójú fíìmù náà. Ní Oakland níbi tí mò ń gbé, ẹgbẹ́ East Bay Dragons, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tí Tobie Gene Levingston dá sílẹ̀ ní 1959, ti ń gun Harley kiri títì kí fíìmù yẹn tó jáde. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni chopper, ẹ rẹ́rìn-ín.

Èmi kò fọwọ́ ara mi ṣe tèmi. Ẹnìkan ti ṣe é tán ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Táńkì rẹ̀ kékeré bí ẹ̀pà, hándù rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá. Gbogbo kòtò tí táyà ẹ̀yìn bá bọ́ sí, ìdí mi ló ń gbà á. Ìyẹn kò dùn mí, mo mọ̀ kí n tó rà á. Ohun tí mi ò mọ̀ ló fẹ́ ṣe mí léṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ìyàwó mi ti ra akoto tirẹ̀ sílẹ̀, torí mo ti ṣèlérí pé màá gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí mo ṣe kan nǹkan bí 60 máìlì ní wákàtí kan, hándù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ń já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Mi ò tẹ bíréékì. Mo rọra dẹwọ́ lórí epo títí eré fi rọlẹ̀, mo sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi.

Nígbà tí mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní bí chopper ṣe ń ṣe nìyẹn, kí n máa rọra gùn ún. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ mo gbé e lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ṣe alùpùpù ní àdúgbò wa tipẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá kò tiẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Okùn àti nọ́ọ̀tì wúwo kan ló mú jáde.

Ohun tó kọ́ mi rèé. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọjà nínú ilé ìtajà ńlá. Táyà rẹ̀ kékeré máa ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn irin tó gbé e dúró, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ tààrà. Iwájú alùpùpù náà nílò irú ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fa ìlà gba inú ọrùn férémù lọ títí dé ilẹ̀, ó yẹ kí ibi tí ìlà yẹn ti kan ilẹ̀ wà níwájú ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì ló ń mú kí hándù dúró jẹ́ẹ́ lórí eré. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Tèmi kò tó 2.

Kí ló fà á? Ẹni tó ṣe é kò gé ọrùn. Àwo irin méjì tó di fọ́ọ̀kì mú ló pààrọ̀, ó fi èyí tó dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 7 sí i, kí fọ́ọ̀kì lè nà síwájú. Ojú rí chopper, àmọ́ táyà ti sá síwájú, ó sì ti jẹ àlàfo yẹn tán. Irú àwo bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tirẹ̀ o. Tí wọ́n bá gé ọrùn títí ó fi dagẹ̀rẹ̀ tó dígírì 45, àlàfo lè ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, hándù á wúwo, á sì máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ bá ń yà kọ́nà pẹ̀lú eré díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwo yẹn ti wúlò, torí ó ń dín àlàfo tó pọ̀ jù kù. Lára ọrùn tí wọn ò gé, ewu ni.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnìkan jókòó lé e. Ẹ fi igi tó gún tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ ọrùn, kì í ṣe ti fọ́ọ̀kì, títí dé ilẹ̀, kí ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ wá so okùn olómi-irin, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, láti àárín gbùngbùn táyà iwájú, kí ẹ sàmì sí ibi tó bá kan ilẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìkejì. Tí méjèèjì bá sún mọ́ra jù, ẹ má gùn ún.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti jó irin ọrùn pọ̀. Tí ọ̀dà bá ti sán níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Kí nọ́ńbà ara férémù bá tinú ìwé mu. Ní California níbí, òfin kò gbà kí ọwọ́ yín ga ju èjìká lọ ní ínṣì 6 tí ẹ bá di hándù mú, akoto sì pọn dandan fún ẹni tó ń wà á àti ẹni tó wà lẹ́yìn.

A fi àwo tó gún sí tèmi, àlàfo di 14. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi tó gun ẹ̀yìn mi, a sì lọ a bọ̀ láyọ̀. Ó ku àwo àtijọ́. Ẹnìkan fẹ́ fún mi ní 250 dọ́là lórí rẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ó ti gé ọrùn férémù rẹ̀. Ó ní rárá, ó kàn fẹ́ kó nà ni. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣe fún yín yìí, ó ní òun á rí òmíràn rà. Bóyá ó rà á, bóyá kò rà á. Èmi fi ayùn gé tèmi sí méjì, mo sì jù ú sínú pàǹtí.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́. Títí a ó fi tún pàdé, ẹ máa gùn ún jẹ́jẹ́ o.