Oúnjẹ Tí Kò Ní Alágbàtà

Kánún tí à ń fi sínú ewédú kó lè yọ̀ dáadáa, etí Adágún Ṣáàdì wà lára ibi tó ti ń wá. Lápá ìlà-oòrùn àríwá adágún náà, ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, àwọn kòtò omi kan wà tí kánún kún inú wọn. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Kánẹ́ḿbù ti ń gbọ́n oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní díhé.

Ohun aláwọ̀ ewé ni, tó ń léfòó lójú omi, ẹyọ kan rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Wọ́n á fi igbá bù ú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí yanrìn kí oòrùn lè gbẹ ẹ, wọ́n á wá gé e kéékèèké. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè, òkèlè jéró ni wọ́n sì ń fi jẹ. Nǹkan bí ìdajì ohun aláwọ̀ ewé yìí, tó bá gbẹ tó sì mọ́, ló jẹ́ èròjà amáradàgbà.

Èyí ló rán wa létí ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi òbí lọ́jà: kí ló dé tí ẹja ńlá fi ṣọ̀wọ́n ju ẹja kékeré lọ?

Ọ̀dọ̀ oòrùn ni ọjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú adágún gan-an, níbi tí omi ti dùn, ewé omi tíntìntín ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ ara rẹ̀. Kòkòrò omi á jẹ ewé, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, á wá jẹ ẹja kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni alágbàtà, alágbàtà kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná púpọ̀ nínú agbára tó jẹ sórí mímí, lílúwẹ̀ẹ́ àti wíwá oúnjẹ mìíràn. Ó tún ń ya díẹ̀ dànù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń kọjá sí ọwọ́ ẹni tó kàn. Bí ewé omi bá ní 1,000, kòkòrò á gba 100, ẹja kékeré 10, erin omi 1 péré. Ìdá náà lè pọ̀ tàbí kó dín láti omi kan sí òmíràn. Raymond Lindeman, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ló ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí irú ìṣirò yìí, látinú iṣẹ́ tó ṣe lórí adágún kékeré kan ní Minnesota. Ọdún 1942 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ti kú kó tó jáde, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 27.

Díhé kò la ọwọ́ alágbàtà kankan kọjá. Ìdí nìyí tí kòtò omi kékeré, nínú ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, fi lè bọ́ ìdílé.

Adágún ńlá náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ẹja tó fẹ́ omi jíjìn dín kù, àrọ̀ àti epìyà tó lè fara da omi ẹrẹ̀ sì gbilẹ̀.

Tí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ sọ́jà, ẹ ní kí wọ́n bèèrè ohun tí ẹja kọ̀ọ̀kan jẹ kó tó dé orí àtẹ. Epìyà rọrùn: ewé omi wà lára oúnjẹ rẹ̀. Àrọ̀ tí à ń sìn lẹ́yìnkùlé ló máa yà wọ́n lẹ́nu, nítorí ẹja lílọ̀ sábà máa ń wà nínú oúnjẹ tí à ń rà fún un.