Ohun tí Ó Yẹ Kí Ẹni tí Ń Ra Ohun Èlò Ifá Mọ̀

Ìtàn Ifá fi yé ni pé Ọ̀rúnmìlà gbé ní Adó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn babaláwo fi ń sọ pé Adó nilé Ifá, àti pé nígbà tí ó fi ìbínú kúrò láyé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ, tí Alárá àti Ajerò wà nínú wọn, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà, ikin mẹ́rìndínlógún ni ó fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ dípò òun. Bí oyè Alárá ti wà ní Àràmọ̀kọ̀, tí ti Ajerò sì wà ní Ìjerò títí di òní, kò yani lẹ́nu pé àwọn ará Adó-Èkìtì gbà pé ìlú Ẹwì, ọba wọn, ni ìtàn náà ń tọ́ka sí. Ìtàn yìí ni ó fi ikin ṣáájú gbogbo ohun èlò Ifá yòókù, ọ̀dọ̀ ikin ni ó sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ní Ifá tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ikin ni èkùrọ́ tí ó wá láti ara ọ̀pẹ Ifá, èyí tí ó yàtọ̀ sí ọ̀pẹ tí a ń fi èso rẹ̀ fún epo. Ojú mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà lórí èkùrọ́ lásán, ṣùgbọ́n ikin a máa ní ojú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí olùrà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ lẹ́kùlẹ́jà, ìyẹn ẹni tí ń ta egbòogi àti ohun ìbọ, má ṣe gba èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá láìtú u wò. Kí ó mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó ka ojú rẹ̀, kí ó sì yọ èyí tí ó bá sán kúrò. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ṣe kókó. Bí babaláwo bá ń dífá, àtẹ́lẹwọ́ kan ni yóò kó ikin mẹ́rìndínlógún sí, tí yóò sì fi ọwọ́ kejì gbìyànjú láti há gbogbo rẹ̀. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò fi ìka tẹ ilà kan sínú ìyẹ̀ròsùn, èyí tí í ṣe ìyẹ̀ igi ìrosùn, bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ni ó ṣẹ́kù, ilà méjì ni yóò tẹ̀. Ikin tí ó bá tóbi ju ọwọ́ oníwun rẹ̀ lọ yóò máa ṣẹ́kù ju méjì lọ lemọ́lemọ́, kò sì ní jẹ́ kí odù, ìyẹn àmì Ifá, jáde bọ̀rọ̀.

Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ rọrùn díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ìdífá tí ó ní ìlàjì èso mẹ́jọ ni, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Kí inú èso náà yàtọ̀ gedegbe sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí olùrà sì jù ú sílẹ̀ léraléra kí ó tó sanwó, nítorí èso tí ó bá ń dojú dé ní gbogbo ìgbà yóò dí ọ̀nà fún púpọ̀ nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta odù.

Ọpọ́n, tí a ń da ìyẹ̀ròsùn sí, àti ìrọ́kẹ́, tí babaláwo fi ń lu ọpọ́n, ni iṣẹ́ ọnà ti máa ń gba olùrà lọ́kàn jù, èyí kò sì burú ní ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924. Ọpọ́n kan láti Allada ti wà ní ìlú Ulm ní Jámánì láti nǹkan bí ọdún 1650 sí 1660, ojú sì ń wò ó títí di òní. Síbẹ̀, ọpọ́n tí kò ní ju ojú Èṣù kan ṣoṣo lọ létí rẹ̀ tó fún Ifá dídá, bí ojú rẹ̀ bá ti tẹ́jú. Kí ẹni tí ń gbé lókè òkun yẹra fún ìrọ́kẹ́ eyín erin, nítorí ìpinnu tí àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES ṣe ní ọdún 1989 ti fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè. Ti igi tàbí ti idẹ ni kí ó rà.

Owó nìkan kọ́ ni ó ń sọ ikin di Ifá ẹni. Babaláwo ni yóò fi ewé Ifá wẹ̀ ẹ́, tí yóò sì bọ ọ́ kí ó tó fi lé oníwun lọ́wọ́, ètò tí a mọ̀ sí gbígba ọwọ́ Ifá kan, láti ìgbà náà ni oníwun yóò sì ti máa bọ ọ́ ní ọrọọrún. Nítorí èyí, ó sàn kí babaláwo tí yóò wẹ̀ ẹ́ bá olùrà lọ sí ọjà, ní pàtàkì nísinsìnyí tí òkìkí Ifá ti kàn dé ọ̀dọ̀ àjọ UNESCO, tí ó kéde rẹ̀ ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì aráyé, tí àwọn tí ń béèrè ikin láti Amẹ́ríkà àti Brazil sì pọ̀. Ẹni tí ó gba ọwọ́ Ifá kan láti máa bọ ọ́ nìkan, tí kò kọ́ odù, kò nílò ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ọpọ́n rárá. Babaláwo rẹ̀ ni yóò máa dá Ifá fún un.